O Tàbí Ẹ

Lálẹ́ ọjọ́ tí iná lọ ládùúgbò wa ní Ìjọ̀kà,
èmi àti Akínfọlárìn jókòó ti kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo,
ó ku díẹ̀ kí bátìrì rẹ̀ dákẹ́,
à ń jà lórí lẹ́tà kan.

Áàpù náà ti parí. Ó ń ṣírò ìwọ̀n kòkó,
ó ń yọ ìwọ̀n àpò kúrò, ó ń kọ orúkọ àgbẹ̀ sílẹ̀.
A kò tà á. A gbé e síta bí oko ọ̀wẹ̀:
ẹni tó bá ní ọkọ́, kó wá bá wa ro ó,
ẹni tó bá rí èpò, kó fà á tu.
Ọmọ kan ní Ìlọrin ti bá wa tún ìṣirò rẹ̀ ṣe,
a kò mọ ojú rẹ̀ títí dòní.
Ìwé ìlò ló kù.
Ìwé ìlò ló máa ń kù.

Mo kọ ọ́: "Ẹ tẹ bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé."
Akínfọlárìn pa "Ẹ" rẹ́.
"Ta lo ń dọ̀bálẹ̀ fún nínú ẹ̀rọ?"
Ó kọ tirẹ̀: "Tẹ bọ́tìnnì."
Ó dún létí mi bí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà.
Mo ní ẹni tí yóò kà á lè bí bàbá rẹ.
Ó ní gbólóhùn tó bá wọ agbádá kì í yára rìn.

Bọ́sẹ̀dé, tó kàwé jù wá lọ, dá sí i láti orí fóònù:
ká má bá ẹnikẹ́ni wí rárá,
ká kọ ọ́ pé "A máa ń tẹ bọ́tìnnì náà."
Ta ni "a"? Èmi kọ́, ìwọ kọ́,
bí ìgbà tí ẹran bá tán nínú ìkòkò
tí gbogbo ilé ní "wọ́n ti jẹ ẹ́".

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìwé
lẹ́nu géètì yunifásítì, ọgọ́rùn-ún náírà ojú ewé kan,
a gbé e lọ sí ìsọ̀ kòkó Bàbá Fámúrewá ní Ìsìnkàn,
ẹni tó ti ń fi bírò kọ ìwọ̀n fún ogójì ọdún.
Ó ka tèmi, ó rẹ́rìn-ín.
"Ọmọ Òǹdó ni mí.
Nílé wa, 'o' ni mo ń pe bàbá tó bí mi,
kò sẹ́ni tó gbá mi létí.
Ilé-ìwé la ti kọ́ 'ẹ', bí a ṣe kọ́ bàtà wíwọ̀."

Akínfọlárìn ti ń gbọn èjìká.
Bàbá kò tíì parí.
Ó gbé ìka lé ìlà kan tó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta:
*Ó rọrùn: kàn yọ ìwọ̀n àpò kúrò.*
"Ta ló ní ó rọrùn?
Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àpò mi ò kúrò.
Bó bá rọrùn tí n ò sì mọ̀ ọ́n ṣe,
òmùgọ̀ lẹ pè mí yẹn.
Àrífín nìyí. 'O' kọ́."

Níta, ọkọ̀ Ìdànrè kan ń fẹ̀yìn rìn wọlé,
kòkó ń jò sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.
Mo yọ bírò. Mo pa "ó rọrùn" rẹ́ níbi mẹ́rìnlá,
Akínfọlárìn rí méjì tí mo fò.
Ẹ̀yìn páálí la kọ òfin wa kan ṣoṣo sí:
Má sọ fún ẹni tó ń rù ú pé kò wúwo.

"Ẹ" wá jókòó sí ojú ewé àkọ́kọ́, níbi tí a ti ń kíni.
Láti ojú ewé kejì, "tẹ", "kọ", "wò",
bí ẹni tó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà.

Lánàá, ẹnì kan tí a ò mọ̀ rí fi àtúnṣe ránṣẹ́.
Ó dá "Ẹ" padà síbì kan péré,
níbi tí áàpù ti fẹ́ pa àkọsílẹ̀ ọdún kan rẹ́:
"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná."
Akínfọlárìn kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Ó gbà á wọlé.